Fọ́nrán Èédú Nínú Ooru àti Òtútù: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ni Ká Fi Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní ẹ̀ka yìí pé kí ló dé tí a kì í fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu wa ni pé ọ̀rọ̀ kò tó. A ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: kí là ń pe èyí, kí là ń pe tọ̀hún? Èrò tèmi ni pé ibi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ ni kò tọ́. Orúkọ là ń wá kiri, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni Yorùbá kó sápò.

Mi ò fẹ́ fi ohun tó rọrùn ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ohun tó jìnnà pátápátá sí kíláàsì wa ni mo mú: ohun tí ooru àti òtútù ń ṣe sí kábọ́ọ̀nù fáíbà, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ara bàálù, kẹ̀kẹ́ eléré ìje àti táńkì rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí a bá lè ṣàlàyé bí agbára ohun èlò yìí ṣe ń yí padà, àti bí ó ṣe ń bàjẹ́, ní Yorùbá tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́, a jẹ́ pé àwáwí wa ti dín kù nìyẹn.

Òwú tí a fi èédú ṣe

Ẹ jẹ́ ká pè é ní fọ́nrán èédú, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń sun èédú lóko mọ̀ pé wọn kì í kàn ṣáná sí igi. Wọ́n á kó igi jọ, wọ́n á fi ewé àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí atẹ́gùn má bàa ráyè wọlé kí igi sì di eérú. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ooru ti lé omi àti gáàsì jáde ni èédú. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́nrán yìí. Òwú oníke kan tí wọ́n ń pè ní PAN ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yan nínú atẹ́gùn ní nǹkan bí 200 sí 300°C. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e wọ ààrò tí kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀, níbi tí ooru ti ju 1,000°C lọ. Akio Shindo, ará Jàpáànù, ló fi òwú PAN ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tún un ṣe láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà. Fọ́nrán kan ṣoṣo kò nípọn ju máíkírómítà 5 sí 7 lọ. Irun orí èèyàn nípọn tó o ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n fọ́nrán lásán kò lè di apá bàálù, bí ẹyọ ìgbálẹ̀ tí a kò dì kò ṣe lè gbálẹ̀. Ohun tó ń dì í pọ̀ ni mo ń pè ní àtè. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á tẹ́ fọ́nrán ní ìpele ìpele, wọ́n á fi àtè rin ín, wọ́n á sì yan gbogbo rẹ̀ títí àtè náà á fi le. Àtè tó wọ́pọ̀ jù ni epoxy, èyí tí wọ́n sábà máa ń yan ní nǹkan bí 180°C bó bá jẹ́ ti bàálù. Iṣẹ́ fọ́nrán ni láti gbé ẹrù. Iṣẹ́ àtè ni láti di fọ́nrán mú ní ààyè rẹ̀, kí ó sì máa pín ẹrù náà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Nínú Boeing 787, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2011, nǹkan bí ìdajì ìwúwo ara rẹ̀ ló jẹ́ irú ohun èlò yìí. Àwọn kan nínú wa ti wọ̀ ọ́ láti Èkó láìmọ̀ pé inú èédú àti àtè làwọn jókòó sí.

Ìjà ti wà nílé kí àlejò tó dé

Ìwà fọ́nrán àti ìwà àtè kò bára mu rárá lórí ọ̀rọ̀ ooru. Bí ara àtè bá gbóná, ó máa ń ràn, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ṣe máa ń ṣe. Fọ́nrán èédú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gígùn rẹ̀, ńṣe ló máa ń sún kì díẹ̀ bó bá gbóná. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gbé ohun èlò náà jáde nínú ààrò ní 180°C, tó sì ń tutù bọ̀, àtè fẹ́ sún kì, fọ́nrán kò gbà fún un. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, kò sí ẹni tó lè kúrò. Ìjà yẹn á wà nínú rẹ̀ títí ayé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù kankan lé e lórí.

Bí ohun èlò náà bá ṣe ń jìnnà sí ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n fi yan án ni ìjà náà ń le sí i. Ní yàrá tó wà ní 20°C, ìyàtọ̀ jẹ́ 160. Lójú òfúrufú níbi tí bàálù ti ń fò, tí òtútù ti máa ń tó 55°C nísàlẹ̀ òdo, ìyàtọ̀ di 235. Nínú táńkì tí wọ́n rọ háídírójìn olómi sí, tó jẹ́ 253°C nísàlẹ̀ òdo, ìyàtọ̀ di 433.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń túmọ̀ kánkán sọ èyí ní Yorùbá, ó ṣeé ṣe kó kọ ọ́ báyìí: "Ìgbóná àti òtútù máa ń dín agbára rẹ̀ kù, ó sì lè fọ́." Gírámà rẹ̀ dára, ẹ ò ní rí àṣìkọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ooru kì í ṣe ohun tí òtútù ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò yìí kì í kàn fọ́.

Nínú ooru: ó rọ̀, ó wọ́, ó kán

Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lórí àti nídìí. Ẹ ó rí i pé kì í tètè já. Ẹ wá gbé ẹyọ kan náà dúró lórí ilẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè: kíá ló máa wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún jọ, tí ẹ dì wọ́n pinpin, èyí kò ní jẹ́ kí tọ̀hún wọ́. Iṣẹ́ tí àtè ń ṣe fún fọ́nrán nìyẹn.

Bí ooru bá wá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, àtè á rọ̀. Fún epoxy inú bàálù, ìwọ̀n yẹn sábà máa ń wà láàárín 120 àti 200°C, bí wọ́n bá ṣe pò ó. Fọ́nrán fúnra rẹ̀ kò mira, ooru yẹn kéré lójú rẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ńṣe là ń fa ohun èlò náà ní gígùn fọ́nrán, agbára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Bó bá jẹ́ pé ńṣe là ń fún un pọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Okùn ìgbálẹ̀ ti dẹ̀: fọ́nrán á wọ́, á sì kán.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní àtè *rọ̀*, mi ò ní ó *yọ́*. Àbẹ́là ló ń yọ́, òrí ló ń yọ́. Epoxy tó ti le kì í padà di omi mọ́ láé. Bí ooru bá pọ̀ ju rírọ̀ lọ, jíjó ló kù. Onítúmọ̀ tó bá kọ "yọ́" síbẹ̀ ti sọ irọ́ sáyẹ́ǹsì, bí Yorùbá rẹ̀ tilẹ̀ dùn.

Ọ̀rinrin tún máa ń ṣe alábàárò ooru. Àtè a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti mumi máa ń tètè rọ̀ ju èyí tó gbẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe bàálù fi máa ń dán ohun èlò yìí wò nígbà tó bá gbóná, tó sì tún rin. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bàálù kékeré aláìlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi fáíbà ṣe jẹ́ funfun: ọ̀dà dúdú á mú oòrùn, àtè á sì rọ̀ lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, tí bíréèkì sì ń fún etí táyà tí wọ́n fi fọ́nrán èédú ṣe, etí yẹn lè gbóná títí tí á fi wọ́.

Nínú òtútù: ó le, ó sán, ó bó

Òtútù kì í mú àtè rọ̀. Ńṣe ló ń mú un le sí i. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ire ni, nítorí ohun tó le lágbára. Ṣùgbọ́n èdè wa mọ̀ pé ohun tó le yàtọ̀ sí ohun tó yi. Ìkòkò amọ̀ le, kò yi. Awọ màlúù yi, kò le. Ohun tó yi máa ń fara da ìfàya kí ó tó gbà. Ohun tó le tí kò yi, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń gbà. Òtútù máa ń fún àtè ní líle, á sì gba yíyi lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ìjà abẹ́lé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti le dójú rẹ̀. Àtè á wá sán, sísán tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i.

Kí ni sísán kékeré lè ṣe? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, ní Huntsville ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n ń dán táńkì háídírójìn olómi tí wọ́n ṣe fún X-33 wò. NASA àti Lockheed Martin ló jọ ń ṣe ọkọ̀ náà, láti fi dán an wò bóyá ọkọ̀ kan ṣoṣo lè máa lọ sójú òfúrufú tí á tún máa padà wá. Awọ táńkì náà jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, fọ́nrán èédú ni méjèèjì, pẹ̀lú ohun tó rí bí afárá oyin láàárín wọn. Wọ́n rọ háídírójìn sí i, wọ́n gbé ẹrù lé e, ó gbà á. Ìgbà tí wọ́n ti fa háídírójìn náà jáde tán, tí táńkì ń móoru bọ̀, ni awọ ìta ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀.

Ìwádìí fi hàn pé awọ inú ti sán ní kéékèèké nínú òtútù yẹn. Háídírójìn gba ojú sísán wọ inú afárá oyin. Òtútù náà tún fa náítírójìn wọlé láti ìta. Nígbà tí ara táńkì ń móoru, àwọn gáàsì yìí ń wú, wọn kò rí ọ̀nà jáde kíákíá, wọ́n sì ti awọ ìta títí ó fi bó. Ní ọdún 2001, wọ́n fagi lé iṣẹ́ X-33 pátápátá. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀ ọ́. Ìgbà tó tutù jù kọ́ ni táńkì náà bàjẹ́. Ìgbà tí ewu dà bí ẹni pé ó ti kọjá ni.

Ẹ tún ìtàn yẹn gbé yẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ó sán, ó wọlé, ó wú, ó bó. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin, sílébù márùn-ún péré, ìtẹ̀lé ohun tó fa èkejì sì ti wà nínú ètò wọn. Ọgbọ́n títo ìṣe tẹ̀lé ìṣe, tí a ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìròyìn bí nǹkan ṣe bàjẹ́.

Okùn kì í fọ́, ìkòkò kì í já

Ní ọdún 1970, Charles Fillmore kọ iṣẹ́ tí a mọ̀ bí ẹni mowó lórí gírámà lílù àti fífọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ti kà á, a ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Àwa wá ní èdè tí ọmọ ọdún márùn-ún kì í ti í sọ pé okùn fọ́ tàbí pé ìkòkò já. Okùn ló ń já. Ìkòkò ló ń fọ́, bó bá sì ku díẹ̀ kó fọ́, a ní ó sán. Igi ló ń kán. Aṣọ ló ń ya. Ọ̀dà ló ń bó. Ohun tí a so ló ń tú. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lójú wa, a kì í lè sọ ọ́ ní Yorùbá láìkọ́kọ́ wò ó bóyá ó rí bí okùn, bí igi, bí àwo tàbí bí awọ.

Fọ́nrán èédú inú àtè jẹ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́nrán máa ń *já* bí a bá fà á, ó sì máa ń *wọ́*, kó *kán*, bí a bá fún un pọ̀. Àtè máa ń *sán*. Fọ́nrán lè *tú* kúrò lára àtè, kó sì *yọ* bí idà inú àkọ̀. Ìpele kan lè *bó* kúrò lára èkejì, bí ilẹ̀kùn pákó ilé ìwẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì tí omi ti pa ṣe ń bó ní ewé ní ewé. Bí iná bá wá dé, àtè á *jó*. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ní pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, bátìrì kan gbaná nínú Boeing 787 tó dúró jẹ́ẹ́ láìsí èrò nínú rẹ̀. Iná bátìrì náà kéré, ṣùgbọ́n àtè ara bàálù fúnra rẹ̀ di epo fún un. Fọ́nrán ńkọ́? Níbi tí kò sí atẹ́gùn, ó lè fara da ooru tó ju 2,000°C lọ. Nínú atẹ́gùn, láti nǹkan bí 400 sí 500°C ni ọ́síjìn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í *jẹ* ẹ́.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìwọ̀nyí. Mi ò sọ pé Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tiwọn, ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Tiwa, ìdí ààrò ìyá wa la ti kọ́ ọ.

Bí a bá sì nílò orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe á bí i fún wa. Àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ti wà nílẹ̀: jíjá, sísán, bíbó, títú, wíwọ́, rírọ̀, yíyi. Àwọn baba wa ní ẹ̀ka yìí ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní 1990, wọ́n fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀ títí dòní. Ṣáájú wọn, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀.

Àtakò tó yẹ ká dáhùn

Ẹnì kan á ní ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò ní gbèdéke. "Sán" tí èmi ń lò, "là" ni ẹlòmíràn á fi sí i ní ìlú tirẹ̀. Òótọ́ ni. Àrá pàápàá máa ń sán. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò onímọ̀ ẹ̀dá-èdè: ká jókòó ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ká fi gbèdéke sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á bi mí pé ta ló fẹ́ fi Yorùbá ṣe bàálù. Mi ò mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń fi Yorùbá ṣe fáíbà lónìí. Ẹ rin òpópónà Èkó díẹ̀, ẹ ó rí àwọn tó ń fi gíláàsì fáíbà àti rẹ́sìnì tún báńpà mọ́tò ṣe nínú oòrùn. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lórí ọ̀sà, fáíbà ni. Fọ́nrán gíláàsì ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti èédú, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n: àtè ló di méjèèjì pọ̀, àtè yẹn a máa rọ̀ nínú ooru, a máa sán, ìpele rẹ̀ a sì máa bó. Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára agolo rẹ́sìnì. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó láàárọ̀ ló wà láàárín méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin ìpele kẹta tí ẹ máa tó yan àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, mo bẹ̀ yín. Iṣẹ́ lórí orúkọ ènìyàn àti lórí ìpolówó ọjà ti pọ̀ nílé ìkàwé wa. Ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ fáíbà lọ. Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí wọ́n fi ìwọ̀n àti nọ́ńbà tì í. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gboyè jáde lẹ́ka yìí, tí ẹ wà nílé iṣẹ́ ìròyìn àti níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìpele tó bá ti bó lára ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń wá orúkọ.